Owó Tí A Fi Sílẹ̀ Nílé

Ẹni tó bá ń múra láti kó lọ sílùú òyìnbó lóde òní, ọ̀rọ̀ físà ló máa ń gbà á lọ́kàn jù: ilé-ẹ̀kọ́ wo ló gbà á, ta ló fẹ́ gbà á síṣẹ́, ọjọ́ wo ni páásípọ́ọ̀tù máa jáde. Ó ń ta ọkọ̀, ó ń pín àga àti fìríìjì fún àwọn àbúrò, ó ń bá lánlọ́ọ̀dù parí ọ̀rọ̀ ilé. Owó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú sí báńkì ni kì í sábà rí àyè rò. Lójú rẹ̀, owó náà wà níbi tó wà, kò ní ẹsẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Iye tí wọ́n kọ sínú akáǹtì kò ní yí padà lóòótọ́, àmọ́ ohun tí iye yẹn lè rà fún ẹni tó ti di ará Manchester tàbí Leeds lè dín sí ìdajì kí ọdún kan tó yí po, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀, kò sì tíì pẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nǹkan bíi 750 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní ọjà òde. Iye tí ìjọba ń pè é kò tó 470, ṣùgbọ́n mẹ̀kúnnù tó bá gbé náírà rẹ̀ lọ sí báńkì kì í rí dọ́là olówó pọ́ọ́kú yẹn rà. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pa àwọn ọjà pàṣípààrọ̀ pọ̀ sí ọ̀kan, ó sì ní kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí náírà jẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Ká ní tọkọtaya kan láti Ìbàdàn, tí ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ọkọ jẹ́ olùkọ́, fi mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ ní oṣù karùn-ún yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ bàálù, owó wọn lè ra dọ́là tó lé ní 13,000. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, kò lè ra 6,700. Owó tí ì bá san owó ilé wọn fún odidi ọdún kan nílùú kékeré kan ní àríwá England ti di ti oṣù mẹ́fà.

Àwọn kan á ní èlé báńkì á dí i. Kò dí i rárá. Ohun tí òfin ní kí báńkì san lórí akáǹtì ìfowópamọ́ lásán ni ìdá 30, ó kéré tán, nínú ọgọ́rùn-ún èlé tí Báńkì Àpapọ̀ bá là kalẹ̀. Ìdá 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé yẹn ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Èyí túmọ̀ sí pé ìdá márùn-ún àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni onífowópamọ́ ń gbà lórí owó tí ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ. Kódà ká ní ẹnì kan ra ìwé-owó ìjọba, tó sì gba ìdá ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní rí ohun tó sọnù gbà padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Nígbà tí náírà kọ́kọ́ jáde ní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà méjì ni wọ́n fi rọ́pò pọ́n-ùn Nàìjíríà kan. Títí dé ọdún 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Kí ẹ fojú inú wo bàbá kan tó parí ẹ̀kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1973, tó kó pọ́n-ùn tó lé ní 1,000 tó tọ́jú wálé, tó sọ ọ́ di 2,000 náírà, tó sì fi í sí báńkì. Kò ṣìwà hù nígbà yẹn, ọgbọ́n ni wọ́n máa kà á sí. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Babangida gbé ọjà pàṣípààrọ̀ tuntun kalẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀. Lónìí, 2,000 náírà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju pọ́n-ùn kan ṣoṣo lọ. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2023 jẹ́ àjálù ẹ̀ẹ̀kan tí kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìran méjì ló ti rí i lójú ara wọn.

Kí ló dé tí a fi ń fi owó sílẹ̀ nígbà náà? Mo mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹlòmíì gbà pé ọdún márùn-ún péré lòun máa lò, òun á padà wá parí ilé tí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Ẹlòmíì ń ro àìsàn ìyá rẹ̀ tó lè dé lójijì, kò fẹ́ kí owó jìnnà sí wọn. Ẹlòmíì sì rò pé bí òun bá kó owó òun tán nílé, ó dà bíi pé òun ti kọ ilé sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń wúwo lọ́kàn ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àwọn ìdí wọ̀nyí. Èyí tí mo fẹ́ bá jà ni ìdí kẹrin, òun ló sì wọ́pọ̀ jù: «Dọ́là ti wọ́n jù, kí n dúró kó wálẹ̀ díẹ̀.»

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí dọ́là wà ní 750 náírà ń retí 600. Nígbà tó di 1,000, ó ń retí 750. Nígbà tí ọjà òde kọjá 1,800 ní ìparí oṣù kejì ọdún 2024, ó ti ń bínú, ẹni tó ń bínú kì í sì í fẹ́ ṣẹ́ owó. Nígbà tó wá wálẹ̀ lóòótọ́ ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, tó súnmọ́ 1,100, inú rẹ̀ dùn, ó ní àsọtẹ́lẹ̀ òun ṣẹ, kí òun tún dúró kó tó 900. Láàárín oṣù díẹ̀ ó tún ti padà sí 1,500. Ẹni tó dúró kò pàdánù torí pé ó gọ̀, ó pàdánù torí pé ó fi ìmọ̀lára iye àná díwọ̀n iye òní. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé gan-an kì í mọ ibi tí náírà máa wà lóṣù mẹ́ta sí i. Náírà tún lè lágbára sí i. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ní ìparí ọdún 2025. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín kọ́ ni pé ìgbà wo ni iye máa dára. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: níbo lẹ ti máa ná owó yìí? Èyí tó jẹ́ owó ilé, owó iná, owó ìwé ọmọ, owó ìtọ́jú ìlera ìjọba tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà, ní pọ́n-ùn lẹ máa san wọ́n. Ẹ jẹ́ kó di pọ́n-ùn kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé. Èyí tó jẹ́ ti bàbá àti ìyá àti ilé tí ẹ ń kọ́, ní náírà lẹ máa ná an. Ẹ jẹ́ kó wà ní náírà.

Àwọn ìnáwó ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré. Láti oṣù kejì ọdún 2024, owó ìlera tó ń bá físà rìn jẹ́ 1,035 pọ́n-ùn lórí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fún ọdún kan; 624 ni tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ síta Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ní láti fi hàn pé òun ní 1,136 pọ́n-ùn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, títí dé oṣù mẹ́sàn-án, kí owó náà sì ti wà nínú akáǹtì fún ọjọ́ 28 láìdín. Èyí nìkan ti lé ní 10,000 pọ́n-ùn, nǹkan bí ogún mílíọ̀nù náírà. Ọ̀pọ̀ ló ń yá owó yìí lọ́wọ́ àwọn tó ń fi yíyá rẹ̀ ṣòwò, tí wọ́n á sì dá a padà bí físà bá ti jáde. Wọ́n á gúnlẹ̀ sí Britain láìní nǹkan kan lápò, pẹ̀lú èlé lọ́rùn. Àánú wọn ń ṣe mí gidigidi, nítorí ohun tí ìjọba Britain fi òfin yẹn dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sínú rẹ̀ yẹn.

Báwo wá ni owó ṣe ń kọjá? Ọ̀nà tí ìjọba là kò gbòòrò. Báńkì lè ta dọ́là owó ilé-ẹ̀kọ́ fún yín bí ẹ bá kọ Fọ́ọ̀mù A, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè dọ́là, tí ẹ sì kó ìwé gbogbo kalẹ̀. Ẹni tó ń rìnrìn àjò lè béèrè owó ìrìn àjò, 4,000 dọ́là ni wọ́n fi òdiwọ̀n sí fún oṣù mẹ́ta. Ìtò ibẹ̀ máa ń gùn, ọ̀pọ̀ a sì ti wọlé sí kíláàsì kí owó tó dé. Ẹni tó ti ní akáǹtì dọ́là, tí a ń pè ní dọ́mì, tó sì ti ń ra díẹ̀díẹ̀ síbẹ̀ kí físà tó jáde, òun ló rọrùn fún jù: owó rẹ̀ ti di dọ́là, ó kù kó fi ránṣẹ́. Fún àwọn yòókù, àwọn àbókí tó ń ṣẹ́ owó ní Sábó ló kù. Káàdì náírà tí à bá fi rajà lókè òkun pàápàá, 20 dọ́là ni ọ̀pọ̀ báńkì dín in kù sí lóṣù kan lọ́dún 2022, kí wọ́n tó pa á tì pátápátá. Ọdún 2025 ni díẹ̀ lára wọn tún ṣí i.

Ibi tí ọ̀nà ìjọba ti tóóró báyìí ni àwọn èèyàn wa ti la tiwọn. Ẹnì kan wà ní Birmingham tó ń kọ́lé sí Ọ̀tà, ó nílò náírà láti fi ra sìmẹ́ǹtì àti irin. Ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Birmingham, náírà rẹ̀ wà ní Èkó, owó ilé ló sì ń wá. Àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí iye. Ẹni àkọ́kọ́ san pọ́n-ùn sínú akáǹtì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé san náírà fún bíríkìlà ní Ọ̀tà. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó kọjá òkun, kálukú sì rí ohun tó ń fẹ́. Láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, láàárín ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé, nǹkan tó dára ni. Inú ìfọkàntán kan náà tó bí èsúsú ló ti jáde, èsúsú tí àwọn èèyàn wa gbé dé Trinidad nínú oko ẹrú, tí wọ́n ṣì ń dá níbẹ̀ títí di òní.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìfọkàntán yẹn bọ́ sórí WhatsApp, láàárín àwọn tí wọn kò mọ ojú ara wọn. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ní 3,000 pọ́n-ùn, iye tí òun máa ṣẹ́ ẹ sì dára ju ti ọjà lọ. Ẹ fi náírà ránṣẹ́, pọ́n-ùn wọlé lóòótọ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, káàdì yín kò ṣiṣẹ́ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá arúgbó òyìnbó kan ní ìlú míì ni wọ́n ṣe gbájúẹ̀ fún, wọ́n sì ní kó san owó náà sínú akáǹtì yín. Ìyá náà ti fẹjọ́ sun báńkì rẹ̀, báńkì rẹ̀ tọ ipasẹ̀ owó, ẹ̀yin ló sì bá níbẹ̀. Oníjìbìtì ti gba náírà tó mọ́ lọ ní Èkó. Lójú báńkì, ẹ̀yin lẹ gba owó olè.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Báńkì lè ti akáǹtì náà pa, kí owó oṣù yín há sínú rẹ̀. Wọ́n lè fi orúkọ yín sínú àkọsílẹ̀ Cifas, níbi tí àwọn báńkì Britain ti ń kìlọ̀ fún ara wọn nípa àwọn tó lu jìbìtì, irú àmì bẹ́ẹ̀ sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, báńkì míì kò ní fẹ́ gbà yín, ẹni tí kò sì ní akáǹtì kò lè gba owó iṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá sọ irú pàṣípààrọ̀ yìí di òwò, tó ń gba èrè lé e fún gbogbo ayé láìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, ti rú òfin Britain. Nílé náà, wọn kò sùn: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá fún àjọ EFCC, tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì owó, láyè láti ti akáǹtì tó lé ní 1,100 pa lórí ẹ̀sùn tó jẹ mọ́ pàṣípààrọ̀ owó. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí: bí ẹ bá máa bá èèyàn ṣe pàṣípààrọ̀, kó jẹ́ ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀, kí orúkọ tó wà lórí owó jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì pín in sí wẹ́wẹ́, kí ẹnì kan san díẹ̀, kí ẹnì kejì san díẹ̀. Bí orúkọ bá yàtọ̀, ẹ má fi náírà yín ránṣẹ́, bó ti wù kí iye náà dùn mọ́ yín tó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dá ọ̀pọ̀ lóró tí wọn kì í rántí títí wọ́n fi máa dé ọ̀hún. Síìmù fóònù Nàìjíríà ni. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi gba BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, ni báńkì ń fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí kí owó tó lè jáde. Ẹ dé Britain, ẹ ra láìnì tuntun, ẹ ju síìmù àtijọ́ sínú àpótí. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí wọn kò fi láìnì náà pe ẹnikẹ́ni tí wọn kò sì ra káàdì sí i, ilé-iṣẹ́ fóònù lè gé e. Bí oṣù mẹ́fà míì bá tún kọjá, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíì. Lọ́jọ́ yẹn, nọ́ńbà àṣírí owó yín ń dún nínú fóònù ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Ẹ tún gbọ́ èyí: akáǹtì tí wọn kò lò fún ọdún kan, báńkì máa ń kà á sí èyí tó ti sùn, ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ sì gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2024 ní kí owó tó bá sùn tó ọdún mẹ́wàá lọ sábẹ́ ìṣọ́ Báńkì Àpapọ̀ títí olówó fi máa wá béèrè rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ rí i pé síìmù yẹn ń ṣiṣẹ́ níta Nàìjíríà, kí ẹ máa ra káàdì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì so NIN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mọ́ akáǹtì, torí láti ọdún 2024 ni wọ́n ti ń ti akáǹtì tí kò ní BVN àti NIN mọ́lẹ̀.

Ẹ tún lọ sí báńkì lọ́wọ́ ara yín kí ẹ gba sítétímẹ́ǹtì tó ní òǹtẹ̀, èyí tó fi hàn bí owó ṣe ń wọlé lóṣooṣù. Ẹ fi ìwé owó oṣù sí i, àti ìwé tí ẹ fi ta ọkọ̀ tàbí ilẹ̀. Báńkì Britain máa béèrè ibi tí owó ti wá lọ́jọ́ tí owó ńlá bá wọlé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kì í sì í ṣe ìwọ̀sí, òfin ló ní kí wọ́n béèrè. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé á dáhùn lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé á máa bẹ àbúrò rẹ̀ kó lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà báńkì nílé. Ní ti owó orí, gbígbé owó tí ẹ ti tọ́jú kí ẹ tó di olùgbé Britain wọlé kì í ṣe owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún yín. Èlé tó bá ń bí lẹ́yìn tí ẹ ti di olùgbé ibẹ̀ ni owó orí lè kàn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì ní ìrọ̀rùn kan fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ẹ bi oníṣirò tó mọ̀ ọ́n.

Owó ìfẹ̀yìntì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 gbà á láyè láti gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú akáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ìyókù á dúró.

Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sílé lọ́dún 2023 súnmọ́ bílíọ̀nù 20 dọ́là. Ìjọba fẹ́ràn owó yìí, ó sì ń wá oríṣiríṣi ọ̀nà láti fà á wọlé: ní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n ń fi náírà márùn-ún kún dọ́là kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó gba owó lọ́nà tó tọ́, lọ́dún 2025, wọ́n dá BVN sílẹ̀ fún àwọn tó wà lókè òkun, kí wọ́n lè gbà á láìwọ bàálù wálé, wọ́n sì fàyè sílẹ̀ fún akáǹtì àwọn tí kò gbé nílé mọ́. Ohun tó dára ni, mo sì gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n owó tó ń jáde kò rí olùgbèjà. Nọ́ọ̀sì tó san owó orí rẹ̀ fún ọdún méjìlá ní Ìbàdàn yẹ kó lè gbé owó ara rẹ̀ lọ sí Leeds lọ́nà tó mọ́lẹ̀, láìfara pamọ́. Èmi gbà gbọ́ pé bí ó bá rí i pé owó òun lè jáde nígbà tí òun bá fẹ́, kò ní bẹ̀rù láti fi òmíràn ránṣẹ́ wọlé. Títì ilẹ̀kùn mọ́ ọn ló sọ ọ́ di oníbàárà àwọn àjèjì orí WhatsApp.

Èyí tó kù ni owó tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwọn òbí. Ẹ má ṣe jẹ́ kó ju ohun tí wọ́n lè ná láàárín oṣù mélòó kan, torí ẹ lè fi kún un láti ọ̀hún pẹ̀lú owó tí kò tíì rọ̀. Ó kéré tán, ẹ má fi èyí tó ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà sínú báńkì kan ṣoṣo, nítorí ibẹ̀ ni ìdáàbòbò àjọ NDIC, tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, dé láti ọdún 2024. Ẹ yan ẹnì kan nínú àwọn àbúrò tó máa lè gba owó nígbà àìsàn, kí ìwé tó fún un láṣẹ sì wà ní báńkì, kó má jẹ́ pé káàdì yín àti nọ́ńbà rẹ̀ nìkan lẹ fà lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pe màmá fúnra wọn sórí fóònù, kí ẹ sọ iye tó wà níbẹ̀ fún wọn àti ẹni tó máa bá wọn gbà á.